Ọmọ tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa ọmọkùnrin wọn tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ náà ń gun fèrèsé, ó ń já ìwé gbà mọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ilé-ìwé méjì ló sì ti ní kí wọ́n wá mú ọmọ wọn lọ. Bàbá náà ní ADHD ni wọ́n pè é ní ọsibítù, ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí ohun kan pẹ́ títí. Mo bá wọn kẹ́dùn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ni mo gbà, pàápàá ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn tíṣà sinmi ẹgba. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, wọ́n sì yára fò ó kọjá. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, tó máa ń jókòó síbì kan ṣáá tí yóò máa wo iwájú.

Ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ mú bírò, nítorí ADHD lè wà lára ọmọ tó dákẹ́ náà.

Aránṣọ ni mí ní Èbúté-Mẹ́ta, lápá Ọ̀yìngbò. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ojú mi sì ti rí aṣọ ọmọdé. Aṣọ a máa tú àṣírí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń jà, bọ́tìnnì ló ń já lára tirẹ̀. Ọmọ tó ń yọ̀ lórí bẹ́ńṣì, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ya. Ti ọmọbìnrin mi, kọ́là ni. Ó ń jẹ ẹ́. Etí kọ́là lápá òsì ni, níbi tí ẹnu rẹ̀ máa ń dé bó bá dorí kodò: aṣọ ibẹ̀ á rọ̀, á ṣá, òwú á tú jáde, ẹ ó sì rí ojú eyín rẹ̀ lára líńnì inú rẹ̀. Mo máa ń tú u, mo máa ń fi òmíràn sí i, kí sáà tó parí ó ti tún jẹ ìyẹn náà. Kò sí tíṣà tó ránṣẹ́ pè mí rí nítorí kọ́là. Bó bá jẹ́ pé kọ́là ọmọ ẹlòmíràn ló jẹ, wọn ì bá ti pè mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìlà kìíní gún, ìlà kejì gún, ní ìlà kẹrin ọ̀rọ̀ yóò dá sí agbede méjì, tí lẹ́tà tó kẹ́yìn yóò sì ní ìrù gígùn bí ẹni pé bírò ń wá ibi tí yóò sùn. Òfìfo ni ìyókù ojú ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti sáyẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ ni ti Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ti ìṣirò. Nínú káàdì ìparí sáà, níbi tí tíṣà ti ń kọ èrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ lọ́dọọdún: ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó níwà, kó túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́. Nígbà tó dé Práímárì 4, wọ́n ní kó tún kíláàsì náà ṣe. Wọ́n ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó níwà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa. Ọmọkùnrin tí kò bá lè jókòó, olóríkunkun ni. Ọmọbìnrin tó bá jókòó tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹmèrè ni, bí kì í bá ṣe ẹmèrè a ó ní dìndìnrìn ni. Ìyá ọkọ mi, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹmèrè. Wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ranjú mọ́ ògiri. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan, wòlíì ní ká ṣe sàárà. Mo ṣe é. Mo ra àádùn, mo ra ìrèké, mo dín àkàrà, gbogbo ọmọ àdúgbò jẹ, inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn, nítorí kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọdé jẹ àkàrà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó jẹ kọ́là rẹ̀ lọ sílé-ìwé.

Ẹni tó ṣí ọ̀nà fún wa ni àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé bí òun bá kó ọmọ mẹ́wàá jọ, ọmọ mi kì í dáhùn ìbéèrè kan. Bí òun bá pe ọmọ náà nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tí òun ka ìbéèrè kan náà fún un, yóò dáhùn rẹ̀ tán. Ó ní, "Màámi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é o, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ etí rẹ̀ wò ná." Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Nínú gbogbo àwa tí a ti wo ọmọ yẹn, òun ló kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, láìfi orúkọ kankan lé e lórí.

Bàbá ọmọ kò fẹ́ ká lọ ọsibítù. Wọ́n ní bí àdúgbò bá gbọ́ pé a gbé ọmọbìnrin lọ sọ́dọ̀ dókítà orí, ó di Yábà Léfù, ọsibítù àwọn tí orí wọn dàrú, nìyẹn, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la? Mo ní ẹni tí kò ka ìwé tán, ta ni yóò fẹ́ òun náà? A lọ.

Dókítà náà, obìnrin tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ, kò kọ́kọ́ béèrè ìwà ọmọ. Ìbí rẹ̀ ló béèrè: ṣé oṣù rẹ̀ pé, ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀, ṣé ó kéré nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ṣé gìrì mú un rí, ṣé ibà pọ́njú ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibi ibà pọ́njú yìí ló ti bi mí bóyá mo ń fi kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Ẹ̀rín pa mí, nítorí aránṣọ wo ni kì í fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àbùkù kan látìgbà ìbí, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa kánfọ̀ símú láti inú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ibà pọ́njú yóò dé, bó bá le tí wọn kò sì tètè gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ó lè ba etí àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ọmọ tèmi bọ́ nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé aṣọ ìkókó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí kánfọ̀ ń rùn lára rẹ̀ yóò gbọ́ ìwàásù kó tó gba aṣọ rẹ̀ padà.

Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n wa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, ó ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ń ríran. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kò pé lára. Wọ́n béèrè bóyá ó ń hanrun, nítorí ọmọ tí kò bá rí oorun gidi sùn lóru, ojú lásán ni yóò gbé lọ sí kíláàsì. Mo rò pé a ti parí.

Dókítà wá ya abala bébà kan. Ó gbé e síwájú ẹnu ọmọ, ó ní kó máa fẹ́ ẹ kí bébà máa mì, kó má dúró. Ó ń wo ojú ọmọ, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ọmọ yóò kàn dúró sójú kan fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ìpéǹpéjú rẹ̀ lè máa mì, kò ní gbọ́ ìpè, ẹ fọwọ́ kàn án kò ní mọ̀, lẹ́yìn náà yóò máa bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tíṣà á sì máa rò pé ọmọ ń ronú. Bí ọmọ bá fẹ́ atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, wárápá náà a máa fara hàn. Ọmọ mi ń fẹ́ bébà, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́. Nígbà tó yá, ọmọńlé kan rìn kọjá lára ògiri. Ó dáwọ́ ẹ̀fẹ́ dúró. Ojú rẹ̀ wà lókè. Bébà rọ̀ wálẹ̀. Àyà mi já pà. Dókítà pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo.

"Mà?"

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó sì ní, "Ọmọńlé yẹn kò ní ìrù." Dókítà ní bó bá jẹ́ wárápá ni, kò ní gbọ́ òun, kò sì ní mọ ìtàn ọmọńlé. Ó ní bí òun bá ṣì ń fura, òun ì bá ní kí wọ́n so wáyà mọ́ ọn lórí kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ èyí nítorí àwọn ìyá tó bá ń ka lẹ́tà mi: ẹ pe ọmọ yín nígbà tó bá ranjú. Bí kò bá jẹ́ yín, tí kò sì mọ̀ pé ẹ pe òun, ẹ sọ ìyẹn gan-an fún dókítà. Ìtọ́jú wárápá yìí àti ti ADHD yàtọ̀ síra wọn.

Fọ́ọ̀mù ADHD ló kàn. Méjì ni: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé-ìwé. Àmì mẹ́sàn-án ló wà fún ti àìlèfọkànsí nìkan. Ọmọ ń ṣe àṣìṣe tí kò yẹ kó ṣe. Kì í pẹ́ lórí iṣẹ́. Ó dà bí ẹni tí kò gbọ́ nígbà tí a ń bá a sọ̀rọ̀. Kì í parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe to iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń sá fún iṣẹ́ tó gba ìrònú gígùn. Ó ń sọ nǹkan nù. Ohun kékeré ń gba ọkàn rẹ̀. Ó ń gbàgbé. Ọmọ wo ni kì í ṣe díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ó gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà, kó ti wà fún oṣù mẹ́fà, kó máa ṣẹlẹ̀ níbi méjì ó kéré tán, kó máa pa ọmọ lára nínú ẹ̀kọ́ tàbí ìgbésí ayé rẹ̀, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ló sún ọjọ́ orí yẹn sí 12. Tẹ́lẹ̀, ọdún 7 ni wọ́n ń lò. Inú mi dùn sí ìyípadà yẹn, nítorí ọmọ tó ń dákẹ́ lè máa rìn gẹ̀rẹ̀ títí ìwé yóò fi le, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti rì.

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sílé-ìwé. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí èmi ni mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù wọn. Tíṣà rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó mú bírò, ó fàmì sí "rárá" láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú mi, ó ní, "Mọ́mì, ọmọ yín dára o. Àwọn tó ń fún wa ní wàhálà ni ẹ bá gbé fọ́ọ̀mù yìí wá fún." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkórìíra. Kíláàsì rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ra búrẹ́dì lójoojúmọ́. Mi ò bá a jà. Mo ṣí ìwé nótì ọmọ mi síwájú rẹ̀, mo yá ìwé ọmọ tó jókòó tì í, mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì ní déètì kan náà. Ó wò ó. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn fúnra rẹ̀, ó tún ṣí òmíràn. Ó ní kí n fi fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí sílẹ̀. Nígbà tó dá a padà, ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ débi pé kò sí àyè mọ́: pé ọmọ yìí kì í béèrè nǹkan, pé ó máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mú jáde kó tó mọ ìwé tó yẹ kí òun náà mú, pé bí òun bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó ń parí iṣẹ́.

Mo ti ka nǹkan díẹ̀ lórí fóònù láti ìgbà náà, pàápàá nígbà tí NEPA bá mú iná tí ẹ̀rọ sì dúró. Ní 1902 ni dókítà kan tó ń jẹ́ George Still sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ọmọ báyìí níwájú àwọn oníṣègùn ní London, àwọn oníjàgídíjàgan ni ojú rẹ̀ sì wà lára wọn jù. Ó di 1980 kí ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ọmọ lè ní àìlèfọkànsí láìjẹ́ pé ó ń sáré kiri. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà jìn láàárín méjèèjì! Bí òyìnbó tó kọ ìwé fúnra rẹ̀ bá fi ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kọjá lára ọmọ tó dákẹ́, mi ò ní bínú jù sí tíṣà tó ń jẹ búrẹ́dì. Nǹkan bí ọmọ 5 nínú 100 ni wọ́n ní ó ní ADHD káàkiri àgbáyé, ọkùnrin ló sì ń pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n rí. Mo ní nínú àwọn tí wọ́n rí. Ohun tó wọ́pọ̀ lára obìnrin ni ti ìdákẹ́, òun sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bàbá tó kọ̀wé láti Ìsọlọ̀, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú sí mi. Ìṣòro yìí a máa rìn nínú ìdílé, dókítà sọ ọ́ fún mi, mo sì ti rí i. Bí ó bá wà lára ọmọ kan, ó tọ́ kí ẹ wo ọmọ ìyá rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo ara yín náà. Bàbá ọmọ tèmi, nígbà tí dókítà ń ka àwọn àmì mẹ́sàn-án yẹn jáde, ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ó fi dé "ó ń sọ nǹkan nù". Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí ọkùnrin yẹn kò tíì sọ nù, àti ti ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Ṣé èmi náà nìyí?" Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ Yábà Léfù tán lẹ́nu wọn. Ẹ ṣí ìwé ẹ̀gbọ́n yẹn wò, sà. Ẹ má wo máàkì, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti dá. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó lè jẹ́ pé ọmọ tó fẹ́ràn ìdákẹ́ ni, irú wọn pọ̀. Ẹ kàn ṣí i wò ni.

Nílé, ohun tí a ń ṣe kò ṣòro bí mo ti rò. Mo gé páálí pátáànì kan, mo ṣí fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀, a máa ń gbé e lé ojú ìwé tó fi jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa rí lẹ́ẹ̀kan. Ó parí rẹ̀, ó sún un sísàlẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún, ó dìde, ó mu omi, ó lè jó bó bá wù ú, ó padà. Iṣẹ́ kan ni mò ń rán an lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní ké sí i láti ìdí ẹ̀rọ pé lọ gbé ìkòkò kalẹ̀, bó o bá ń bọ̀ mú sísọ́ọ̀sì wá, kí o sì pe àbúrò rẹ. Ìdajì ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ yóò ti dànù. Mo máa ń lọ bá a, mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó wo ojú mi, mo sọ ẹyọ kan. Tíṣà rẹ̀ ti mú un kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá sí iwájú. Ní ti kọ́là, mo ran ọ̀já aṣọ kékeré kan sínú àpò rẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ pa. Ó ń jẹ ìyẹn náà nígbà mìíràn.

Oògùn wà. Ọ̀kan nínú wọn ti wà lọ́jà láti 1954, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí ẹnì kan má baà lọ rà á ní Ìdúmọ̀tà láàárín àpótí gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra ohun gbogbo. Dókítà ló ń kọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa wọn ọmọ, kó máa wo ìfúnpá rẹ̀, nítorí ó lè gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, ó sì lè lé oorun. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, kíkọ́ òbí bí yóò ṣe máa bá ọmọ lò ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbo òun ń tú ọpọlọ ká, ẹ kí i, ẹ kọjá. Àti àwọn tó ń sọ pé àbẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń sọ ọmọ di báyìí: dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó so àbẹ́rẹ́ èéyi (measles) mọ́ autism, ìṣòro mìíràn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè bá ènìyàn ṣe pọ̀ dáadáa, ní 1998, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ti fagi lé e ní 2010, wọ́n sì ti gba àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan ní òpópónà wa kò jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí WhatsApp. Ó dùn mí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé àti ìjọba Èkó kò pọ̀. A ní ilé-ìwé Pacelli ní Sùúrùlérè fún àwọn tí kò ríran, a ní Wesley fún àwọn adití, a ní Modupe Cole ní Akọkà fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò tètè dàgbà. Ẹ kú iṣẹ́ lórí wọn. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ mi. Kíláàsì tí gbogbo ọmọ wà ni tirẹ̀, ohun tó ń fẹ́ níbẹ̀ ni bẹ́ńṣì iwájú àti tíṣà tó mọ ohun tó ń wò. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláìlera, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, kò dúró lórí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nìkan. Ó kan ti ọpọlọ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú gbogbo ọmọ wò nígbà tí wọ́n bá wọ Práímárì 1, kí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ kan kò ń gbọ́ràn. Kí wọ́n sì yọ "ọmọ jẹ́jẹ́" kúrò nínú káàdì. Dípò rẹ̀, kí tíṣà kọ ìlà tí ọmọ parí nínú iye tó yẹ kó kọ.

Àwọn òbí tó bá fẹ́ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé tó bá sún mọ́ yín. Ọsibítù yunifásítì (LUTH) ní Ìdí-Àràbà ń rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà ń rí wọn, ọsibítù Yábà náà sì ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Láti apá ọ̀dọ̀ wa, rélùwéè tuntun tó ń gbéra ní Ọ̀yìngbò ń dúró ní Òṣòdì, ó sì yá ju dánfó lọ. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání. Ẹ mú ìwé nótì tó fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́, èyí tó dọ̀tí, ẹ fi èyí tó mọ́ sílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun kí ẹ tó kúrò, nítorí ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tíṣà, ẹ fún un ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ padà gbà á ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ìdánwò tó dé, torí bí ìdánwò bá ti dé kò ní ráyè wò ó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.